Slippery Sam Lẹ́yìn Iná: Òun Náà Ni Tàbí Àrólé Rẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ òye, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwá ìdí ọ̀rọ̀, ti ń jiyàn lórí ohun tó ń mú kí nǹkan kan máa jẹ́ òun náà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Plutarch, òǹkọ̀wé ará Gíríìsì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni wọn, tí wọ́n ń yọ pákó tó bá ti jẹrà, tí wọ́n sì ń fi tuntun dípò rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà fi di àríyànjiyàn. Ní ọdún 1655, Hobbes ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú kí ọ̀ràn náà le sí i: bí ẹnìkan bá ṣa àwọn ògbólógbòó pákó wọ̀nyẹn jọ, tó sì fi wọ́n kan ọkọ̀ kejì, èwo nínú méjèèjì ni ti Theseus? Ọkọ̀ náà ti rá, ṣùgbọ́n alùpùpù kan wà tí a lè fi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Triumph Trident ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́ta, Meriden nítòsí Coventry ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà nígbà náà. Àlàjẹ́ ni Slippery Sam tí wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Sam tó ń yọ̀. Ní ọdún 1970, nínú eré ìje Bol d'Or, èyí tí wọ́n ń fi wákàtí 24 sá, ní Montlhéry nítòsí Párís, ọ́ìlì ń tú jáde láti inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì da ọ́ìlì bo Percy Tait àti Steve Jolly tí wọ́n jọ ń gùn ún. Síbẹ̀ wọ́n ṣe ipò karùn-ún. Àbùkù ló fún un lórúkọ, bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ àlàjẹ́, kí iyì tó dé bá a ní Isle of Man. Ibẹ̀ ló ti gba ipò kìíní nínú Production TT, ìje àwọn irú alùpùpù tí ará ìlú lè rà, ní ọdún márùn-ún léraléra: Ray Pickrell gùn ún ní 1971 àti 1972, Tony Jefferies ní 1973, Mick Grant ní 1974, Dave Croxford àti Alex George sì pín in gùn ní 1975.

Kò sí alùpùpù ìje tí í lo ọdún márùn-ún nínú irú ìje bẹ́ẹ̀ láìpààrọ̀ táyà, ṣéènì àti àwọn ohun inú ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn sọ pé Sam ti 1975 kì í ṣe Sam mọ́, nítorí pé ẹ̀yà tuntun kọ̀ọ̀kan ń bá ti àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ti iná yàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, iná jó National Motorcycle Museum, ilé tí wọ́n ń kó alùpùpù àtijọ́ sí nítòsí Birmingham, Sam sì wà lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó bá a lọ. Ẹ̀yà tuntun ni wọ́n fi tún un kọ́. Àwọn kan lè sọ pé oyè ni orúkọ náà, àti pé bí ọba bá wàjà, oyè kì í bá a lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò ní sọ pé òun ni òun ja ogun tí ọba àná jà. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rin ìrìn àjò lọ wo ògbólógbòó alùpùpù ni pé irin náà gan-an wà níbi ìje lọ́jọ́ tí wọ́n sá a, ẹlẹ́rìí ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìrísí àti orúkọ ti tó, àwọn àwòkọ Sam tí Les Williams, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ fún eré ìje, ṣe tà fún ará ìlú náà ì bá máa jẹ́ Sam, Hobbes ì bá sì rí ju ọkọ̀ méjì lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó tún un kọ́ yẹ fún ìyìn, àrólé tó jọ òkú sì ni ohun tí wọ́n gbé jáde. Kí ẹni tó bá dé Birmingham béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú rẹ̀ pé èwo nínú irin ara rẹ̀ ló dé Montlhéry.