Ọmú Òkété Tó Dàgbà

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀pọ̀ ka ọmú yìí sí owó lásán: kí ọmọ tó wà ní Kútọnú tàbí Èkó ṣáà máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọmú ránṣẹ́. Ẹni tó ń mu ún àti ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Ní Ìfọ̀nyìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí bodè Ìgòlò ti sún mọ́ tòsí, tí ọ̀dọ́ sì ń sọdá wá iṣẹ́ lọ, àgbà tó kọ ilé ìtọ́jú arúgbó kò kọ ìtọ́jú. Agbo ilé tí oórì àwọn baba rẹ̀ wà ni kò fẹ́ fi sílẹ̀. Òfin pàápàá gbè é lẹ́yìn: àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà ti 1981, tí òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 gbà wọlé, ní kí ọmọ tọ́jú òbí tó bá ṣaláìní.

Ẹnìkan lè sọ pé arúgbó tó ń ṣarán nílò nọ́ọ̀sì ju ọmọ lọ, àti pé ọmọ kò lè torí òbí fiṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Òkété ọmọ tí kò bá jáde jẹun, wàrà wo ni yóò rí fún ìyá? Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti 2016 lórí àwọn àgbà kò ka ilé ìtọ́jú léèwọ̀. Ohun tó béèrè ni pé kí ó jẹ́ ìfẹ́ inú ẹni, kí apá sì ká owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi arúgbó léèrè ibi tó fẹ́ wà, nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé. Bó bá yan ilé, kí owó nọ́ọ̀sì wọ agbo ilé. Bó bá yan ibòmíràn, kí ọmọ máa yọjú.