Orúkọ tí Ìpọ́njú Sọ Ilẹ̀ Kan



Ní ìhà àríwá Queensland, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣóńṣó ilẹ̀ kan wà tí ó yọ wọ inú òkun. Igbó ńlá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí dé etí iyanrìn. Lábẹ́ omi níwájú rẹ̀ sì ni àpáta iyùn wà, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Àwọn àlejò a máa gba ọ̀nà tí a fi pákó tẹ́ lọ wo òkun, ẹnu a sì yà wọ́n sí iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ fún un nínú àwòrán ilẹ̀ ni Cape Tribulation, èyíinì ni Ṣóńṣó Ilẹ̀ Ìpọ́njú.

Báwo ni ó ti rí bẹ́ẹ̀? Ní òru ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1770, ọkọ̀ James Cook, atukọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, kọlu àpáta iyùn náà. Omi ń wọlé. Wọ́n ju ìbọn ńlá 6 sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ní òru ọjọ́ kejì ó léfòó, ẹnikẹ́ni kò sì ṣègbé. Síbẹ̀ ìpọ́njú náà ni Cook fi sọ ilẹ̀ lórúkọ. Kulki ni àwọn Kuku Yalanji, àwọn onílẹ̀, ń pè é.

Àwa náà kò ha ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ bá kú, tàbí tí iṣẹ́ bọ́, a ó sọ gbogbo ayé wa ní Ìpọ́njú. Rákélì, nígbà tí ó ń kú lọ, sọ ọmọ rẹ̀ ní Bẹnóni; Jákọ́bù pè é ní Bẹ́ńjámínì. Jákọ́bù kò sẹ́ omijé náà, nítorí ó gbé ọ̀wọ̀n nàró sí ibojì aya rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ibojì ó sọ ọmọ lórúkọ.

Àwa kò wí pé ewu kò sí. Ọ̀nì ń bẹ nínú omi etíkun náà di òní, pátákó ìkìlọ̀ sì wà níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n àlejò a kà á, a sì máa rìn lójú ọ̀nà. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe àìbìkítà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe sọ ọmọ tí ó kùnà lẹ́ẹ̀kan ní olódo. Ẹ̀yin tí ń ṣọ̀fọ̀, ẹ sọkún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òru kan sọ ọjọ́ ayé yín lórúkọ. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó ti mọ orúkọ wa kí ìpọ́njú tó dé, kí ó pa wá mọ́. Àmín.