Ǹjẹ́ Ará Ẹdẹ Jẹ Òkun ní Gbèsè?

Alájùé ní Ẹdẹ jìnnà sí òkun. Ẹnìkan lè wí pé ọ̀ràn ìjàpá òkun kò kan òun. Ṣùgbọ́n odò Ọ̀ṣun tí ó ṣàn gba ẹ̀bá Ẹdẹ ń wọ ọ̀sà Lẹ́kkí. Láti ibẹ̀, omi náà ń gba ọ̀sà Èkó bọ́ sínú òkun. Ọ̀rá tí a jù sójú àgbàrá lè bá a lọ. Lójú ìjàpá òkun, ọ̀rá tí ó léfòó jọ oúnjẹ. Bí ó bá gbé e mì, ó lè kú.

Àwọn àgbà ní: sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Bí ó bá ba àlejò tí a kò mọ̀ rí ńkọ́? Ọwọ́ tí ó sọ òkò ni ó jẹ̀bi. Ojú tí kò rí i kò lè gbà á sílẹ̀.