Àgbọn Méjì: Ibo Ni Ó Yẹ Kí Eré Olè Parí Sí?



Eré olè kò ṣòro láti ṣe nínú kíláàsì. Ní etíkun Àgbádárìgì níbí, olùkọ́ kò ní láti wá ìtàn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ kan gun igi àgbọn onígi, ó já méjì, onígi yọ sí i, gbogbo kíláàsì figbe ta: "Olè! Olè!" Wọ́n nà án, wọ́n rẹ́rìn-ín, aago lù, eré parí. Ìbéèrè wa ni pé, kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí kọ́? Lójú tiwa, ohun tí wọ́n kọ́ kò ju pé kí ọwọ́ má tẹ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ ipò. Kí ọmọ tí ó ṣe olè lánàá ṣe onígi lónìí. Igi àgbọn ìbílẹ̀ lè lo ọdún 5 sí 7 kí ó tó so. Àgbọn méjì ni ẹni tí ó já a rí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ẹni tí ó gbìn ín ń kà. "Olè kékeré" tí à ń pè é yẹn, ojú ẹni tí ó jí i ni a fi wò ó tí ó fi kéré.

Àwọn àgbà kan ní irọ́ ni eré, pé ó tún ń kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Ti irọ́ kò yé wa tó, nítorí kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Ti èkejì ní òótọ́ nínú: bí eré bá ń fi bí a ṣe ń ṣí àgádágodo hàn fínnífínní, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Kí a yára kọjá níbẹ̀.

Ìran tí kì í sí nínú eré wọ̀nyí ni sísan padà. Nínú hádíìsì kan tí Abu Dawud gbà sílẹ̀, wọ́n bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa èso tí ó wà lórí igi. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé aláìní tí ó jẹ níbẹ̀ láì kó sínú aṣọ, kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó kó o lọ yóò san ìlọ́po méjì, yóò sì jìyà. Ẹ wo bí ó ti ya ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ! Nínú eré tiwa, ta ni ó bi ọmọ náà bóyá ó ti jẹun?

Ṣùgbọ́n ipa olè kọ́ ni ó léwu jù. Ipa àwọn tí ń pariwo ni, nítorí gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tí a ń kọ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin nítorí wọ́n pè wọ́n ní olè. Ní ọdún 2017 ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 kò gbà kí a rán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí ẹ̀wọ̀n. Èrò kì í béèrè ọjọ́ orí.

Nítorí náà, kí olùkọ́ fi ipa kan kún un: ọmọ kan tí yóò jáde láàárín èrò, tí yóò béèrè pé, "Kí ni ó jí? Ta ni ó rí i?" Kí ó fún ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò le, kí ó má sì sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n dákẹ́ fún un.