Ẹni Tí A Fi Orí Rẹ̀ Fọ́ Àgbọn

Àwọn àgbà ní, ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí bí ẹni pé òfin ni. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ohun tó yẹ ni òwe náà ń sọ, àbí ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀? Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló mú mi béèrè.

Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ẹnìkan wà nínú ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kí ó sì sáré wọ àárín àwọn géńdé tó fẹ́ gbé e ṣubú. Running back ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2014, Jay Ajayi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Boise State ní ìpínlẹ̀ Idaho. London ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ìgbà 347 ni ó gbé bọ́ọ̀lù sáré ní sáà yẹn, ó sì sá yáàdì 1,823. Èyí tí wọ́n jù sí i tó mú tún fún un ní yáàdì 535. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí lẹ́ẹ̀méjìlá, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n sì na Arizona ní 38 sí 30 nínú Fiesta Bowl.

Ẹ ro iye ìgbà tí wọ́n gbé e lulẹ̀ nínú 347 yẹn. Òkìkí ilé ẹ̀kọ́ kàn, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri. Òfin ìgbà náà kò sì gbà kí òṣèré gba owó lórí orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olówó ń yan òṣèré ní 2015, ẹni 148 ni wọ́n kọ́kọ́ mú kí ó tó kàn án, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù orúnkún rẹ̀ tó ti ṣèṣe láti 2011. Ó gba Super Bowl pẹ̀lú Philadelphia ní 2018 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún náà kò tíì parí tí iṣan orúnkún rẹ̀ fi já. Lẹ́yìn 2019, kò gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì náà mọ́. N kò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ló ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ara ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń rà pààrọ̀.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣebí wọ́n ń kọ́ irú wọn lẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó fipá mú wọn?” Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n pé ọmọ gbà láti ṣe nǹkan kò sọ pé ohun tí a fún un tó. Ẹlòmíràn lè ní òun nìkan kọ́ ló sáré, àwọn kan ló la ọ̀nà fún un. Òótọ́ ni. Èyí kò dín gbèsè kù, ńṣe ló fi kún un: orí tiwọn náà la fi fọ́ àgbọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n yí òfin yẹn padà. Ní 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì máa pín owó fún àwọn òṣèré wọn. Bí òwe wa bá jẹ́ òfin ayé, kò ní ṣeé yí padà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe síra wọn ló ń sọ, ohun tí ènìyàn sì ń ṣe, ènìyàn lè jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Mo mọ ọmọ kan tó gba ife-ẹ̀yẹ fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì lọ sí pápá. Nígbà tí ìdánwò dé, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tó pàdánù. Ife náà ṣì wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá.

Pípàtẹ́wọ́ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, kí ọmọ tó wọ pápá fún wa, ẹ jẹ́ ká ti mọ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó fò ó, ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí ẹsẹ̀ bá dá, àti ẹni tí yóò máa béèrè rẹ̀ nígbà tí kò lè sáré mọ́.