Ṣé Kí Opó Kọ́kọ́ Mú Tirẹ̀ Wá?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa láti ìgbà tí a ti ń yọ lára owó ìkórè láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ àwọn opó. Àwọn kan ní kí ìyá ọmọ kọ́kọ́ mú ìdajì wá, kí ẹgbẹ́ fi ìdajì kún un. Àwọn mìíràn ní, ta ní ń bèèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa? Lẹ́yìn àwọn ti àkọ́kọ́ ni a wà tẹ́lẹ̀. Ìtàn Júù kan ló mú wa tún un rò.

Julius Rosenwald ni orúkọ rẹ̀. Òwò Sears, Roebuck ní ìlú Chicago ló sọ ọ́ di olówó ńlá. Ní 1912, nígbà tí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó ta ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee lọ́rẹ, èyí tí Booker T. Washington jẹ́ olórí rẹ̀. Lára owó náà ni wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé kéékèèké mẹ́fà fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní ìgbèríko Alabama. Ní 1917 ó dá àjọ kan sílẹ̀. Nígbà tí ó fi kú ní 1932, ilé-ìwé tí ó bá wọn kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000, ní ìpínlẹ̀ 15.

Ṣùgbọ́n kò dá a san. Ará ìlú gbọ́dọ̀ dá tiwọn, ìjọba náà gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá. Àwọn adúláwọ̀ wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ wọn ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, a máa ya apá kan oko òwú sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé, bí àgbẹ̀ Ìdànrè ṣe lè ya kòkó sọ́tọ̀ fún ìjọ. Àwọn obìnrin se oúnjẹ tà. Ẹni tí kò lówó gbé pákó wá, tàbí kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, owó tí àwọn tálákà yìí dá lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ dọ́là. Ti àjọ Rosenwald kò tó bẹ́ẹ̀!

Ibi tí ó ti dùn wá nìyí. Wọ́n ti san owó orí, ìjọba sì ń fi èyí tó pọ̀ jù kọ́ ilé-ìwé fún ọmọ aláwọ̀ funfun. Wọ́n tún wá san lẹ́ẹ̀kejì. Lóòótọ́, àwa tí a ti ṣe olùkọ́ mọ̀ pé ilé-ìwé tí òbí bá fi òógùn rẹ̀ kọ́, kì í jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ jò. Ṣùgbọ́n èyí kò pa ẹkún opó.

Ó pẹ́ tí àwọn Júù ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Mose ọmọ Maimoni, olùkọ́ wọn ńlá tí ó gbé ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní 800 ọdún sẹ́yìn, ka ìpele mẹ́jọ fún ìtọrẹ-àánú. Èyí tó rẹlẹ̀ jù ni kí a fúnni tìlọ́ratìlọ́ra. Èyí tó ga jù ni kí a yá ẹni náà lówó, kí a bá a dòwò pọ̀, tàbí kí a wá iṣẹ́ fún un, kí ó má baà tọrọ mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí olùfúnni má mọ ẹni tó gbà á, kí ẹni tó gbà á má sì mọ olùfúnni. (Àwa tí a ń pariwo orúkọ olówó níbi ìkórè, a kò mọ ìpele tí tiwa wà.)

Ẹ tún ka Rutu orí kejì. Boasi kò gbé ọkà lọ sílé fún Rutu. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tí ó ṣà á. Ṣùgbọ́n Boasi kò ní kí ó kọ́kọ́ mú ọkà wá. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí díẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má sì dójú tì í.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan nínú wa kò wá sí ìpàdé fún oṣù mẹ́ta nítorí ìdajì yẹn. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílé. Ọwọ́ wa wà nínú òfin náà. Nítorí náà, a ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ pé kí ìdajì má jẹ́ owó nìkan: ẹni tó bá gbálẹ̀ ilé ìsìn, tàbí tó bá wa se oúnjẹ, kí a kà á sí owó fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kí akọ̀wé àti akápò nìkan mọ orúkọ rẹ̀, kí a sì san án láìbéèrè ohunkóhun.