Bẹ́ẹ̀dì Tí Bálọ́ọ̀tì Fúnni: Ìjíròrò Láàárín Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, tó sì fìdí sọlẹ̀ sí Akọka ní agbègbè Yábàá, ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 40,000 lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé gbígbé inú ọgbà rẹ̀, irú bíi Mọ́remí, Fágúnwà àti Madam Tinúbú, kò lè gba ìdajì wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń du ààyè ibùsùn, tí wọ́n ń pè ní bedspace, nípa bálọ́ọ̀tì, ìyẹn ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ààyè inú rẹ̀ máa ń tán kí ojú-ìwé náà tó ṣí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Owó tí ẹni tó bá rí i gbà ń san kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó yàrá ní Abúlé-Ọjà tàbí Bàrígà, àwọn kan a sì máa tún un tà fún ẹlòmíràn ní iye tó ju èyí tí wọ́n san lọ. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹni tó fowó ra nǹkan ló ni ín, ẹni tó bá sì ni nǹkan lè tà á.

OLÙKỌ́: Rárá o. Nílẹ̀ Yorùbá, àlejò tí wọ́n bá fún nílẹ̀ dáko a máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé tọ onílẹ̀ lọ lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Iṣu tó bá gbìn, tirẹ̀ ni, ó sì lè tà á lọ́jà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀. Owó bedspace kò yàtọ̀ sí ìyẹn.

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Gbogbo ènìyàn ló kúkú ń ṣe é.

OLÙKỌ́: Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ Súrùlérè kan, tí ilé òbí rẹ̀ kò jìnnà, tó ta ààyè rẹ̀ fún ọmọ Ìkòròdú tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kó tó lè bá kíláàsì aago mẹ́jọ. Ọmọ Súrùlérè fi owó náà kún owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fowó lé lọ́dún 2023, ọmọ Ìkòròdú sì rí ibi sùn. Ta ni wọ́n ṣẹ̀?

OLÙKỌ́: Ẹnìkẹta ni, tí bálọ́ọ̀tì kò mú, tí kò sì lówó tí yóò fi rà á. Òun ló ń di squatter, ìyẹn ẹni tó ń sùn ní yàrá tí kò sí orúkọ rẹ̀, tó ń tẹ́ fóòmù tín-ín-rín sáàárín bọ́ńkì méjì lóru, tó sì ń ká a kílẹ̀ tó mọ́ kí pọ́tà, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ilé gbígbé, má baà bá a níbẹ̀. Àwọn tó ni yàrá náà sì ń jìyà rẹ̀, nítorí omi tí kò tó ẹni mẹ́rin ni ẹni mẹ́fà ń pín. Ṣebí ọ̀rọ̀ omi àti iná ló mú kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn ní oṣù kẹrin ọdún 2016, títí wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa.

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Bí ọmọ Súrùlérè bá dá ààyè náà padà, ṣé ó dájú pé ẹnìkẹta yẹn ló máa kàn? Ìyà ọmọ Ìkòròdú hàn sí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń sọ yìí, a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ olùkọ́ náà lára, kò sì tètè fèsì.

OLÙKỌ́: Kò dájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló gbé ọmọ Súrùlérè dé ìdí bálọ́ọ̀tì, nígbà tó nílé? Èrè ni. Àwọn tí kò nílò bẹ́ẹ̀dì ń rọ́ wọlé nítorí pé ó ṣeé tà, wọ́n sì ń gba ààyè tí ì bá kan àwọn tó nílò rẹ̀. Ohun tí títà gbà lọ́wọ́ ọmọ Ìkòròdú ló tún ń fowó rà padà.

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ti ọjọ́ iwájú nìyẹn, mà. Ọmọ Ìkòròdú ti ọdún yìí ńkọ́, tó gbé báàgì dúró sẹ́nu ọ̀nà?

OLÙKỌ́: Kí ọmọ Súrùlérè gba iye tó san gan-an, kó má fi kọ́bọ̀ lé e, kí àwọn tí wọ́n jọ máa gbé yàrá sì mọ̀ sí i.

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Òfin ilé gbígbé kò gba ìyẹn náà láàyè.

OLÙKỌ́: Kò gbà á, ìyẹn sì ń dani láàmú. Títà fún èrè burú, kò sí àní-àní nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ní kí ọmọ yẹn gbé báàgì rẹ̀ padà sí Ìkòròdú lálẹ́, ẹnu kò fẹ́ gbà á.